Rada àti Lámà Tó Ń Sá fún Agogo

Orúkọ ọmọ náà ni Rada. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Orí òkè ni ilé wọn wà, níbi tí ọ̀nà ti parí.

Ẹ̀rù máa ń ba Rada. Ẹ̀rù àkùkọ ń bà á. Ẹ̀rù kànga ń bà á. Ẹ̀rù ìgbálẹ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pàápàá ń bà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé kò sí ohun tó ń ba ẹ̀yin lẹ́rù ni? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọkọ̀ kan gun òkè wá. Ó fa àpótí onírin ńlá kan sẹ́yìn. Nǹkan kan ń mí nínú àpótí náà.

"Húù. Húù."

Rada yọjú lójú fèrèsé. "Màmá! Kí ló wà nínú àpótí yẹn?"

"Lámà ni, ẹran onírun tó jọ ràkúnmí," ni Màmá wí. "Méjì ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Jáde wá kí wọn."

"Ṣé wọ́n máa ń géni jẹ?"

"Koríko ni wọ́n ń jẹ. Àbí koríko ni ọ́?"

Rada jáde. Ṣùgbọ́n ó rọra jáde ni.

Snezha bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Snezha ló ń tọ́jú ẹranko tí kò lẹ́nì kankan mọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn àpótí.

Ọrùn gígùn kan yọ. Ọrùn gígùn kejì tún yọ.

Perla ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Perla tóbi, ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ó wo òkè. Ó wo ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko.

Kapka ló tẹ̀ lé e. Kapka kéré, irun rẹ̀ funfun báláú. Etí rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fi ojú ńlá dúdú wo Rada.

Rada náà wo Kapka.

Rada fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Kapka náà fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan.

Bàbá àgbà Manol jáde láti ilé àgùntàn. Òun ni bàbá tó bí Màmá. Irùngbọ̀n rẹ̀ ló funfun jù lórí òkè náà.

Bàbá Gocho, aládùúgbò wọn, na ọrùn lókè ọgbà. "Manol! Ṣé ràkúnmí lo wá ń sìn báyìí? Ọjọ́ wo lo ń gbéra lọ sí aṣálẹ̀?"

"Wo ẹnu rẹ!" ni Bàbá àgbà dáhùn. "Ìwọ tí ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó o ní ń nà lójoojúmọ́!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Rada ò rẹ́rìn-ín. Kapka náà ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ mi o," ni Snezha wí. "Sákọ́ọ̀sì, ẹgbẹ́ tó ń fi ẹranko dá èrò lára yá, ni wọ́n ti fi àwọn méjèèjì ṣeré kiri. Sákọ́ọ̀sì náà ti kógbá sílé. Ojú wọn ti rí nǹkan. Ẹ má pariwo lé wọn lórí."

"A ò ní pariwo," ni Màmá wí.

"Bí ẹ bá fẹ́ sún mọ́ wọn, ẹ kó ọwọ́ yín sẹ́yìn. Kí ẹ dúró jẹ́ẹ́. Àwọn fúnra wọn ni yóò wá bá yín."

Snezha wo Kapka. Kapka ṣì ń gbọ̀n.

"Màá padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ara wọn bá balẹ̀, wọ́n ti di tiyín. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà wọ́n báyìí, màá kó wọn padà. Kò dáa kí ẹran máa gbé níbi tí ẹ̀rù ti ń bà á."

"Kí ó kúkú máa kó wọn lọ nísinsìnyí," ni Rada wí. Ṣùgbọ́n inú ara rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Rada lọ sẹ́bàá ọgbà. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó dúró jẹ́ẹ́.

Kapka gbé orí sókè. Rada fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Kapka náà fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan.

Lọ́jọ́rú, Bàbá Gocho wá wo àwọn lámà. Kò kó ọwọ́ sẹ́yìn ní tirẹ̀. Ó fẹ́ fọwọ́ pa Kapka lórí.

"Ràkúnmí Manol, báwo ni?"

Pútù! Kapka tutọ́. Itọ́ bà lé fìlà Bàbá Gocho. Itọ́ aláwọ̀ ewé ni!

"Yéè! Fìlà mi tuntun!"

"Ó kí ọ padà ni," ni Bàbá àgbà wí. "Àbí o ò gbọ́ èdè ràkúnmí?"

Rada rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó wo Kapka. Kapka náà ń wò ó.

Lọ́jọ́bọ̀, Rada tún lọ sẹ́bàá ọgbà. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó dúró jẹ́ẹ́. Ó dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó.

Kapka ò fà sẹ́yìn.

"M̀m̀-m̀m̀," ni Kapka wí. Kò la ẹnu. Inú ọ̀fun ni ohùn náà ti ń wá.

Rada sáré wọlé. "Màmá! Màmá! Kapka ń kùn!"

"Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Kí ló ń sọ?"

"Ó lè máa béèrè pé, ta ni ọmọ tó máa ń dúró síbẹ̀ yìí?"

"Rada ni!" ni Rada wí. Ó sáré padà lọ sọ fún Kapka. Kò rántí mọ́ pé òun ti fẹ́ kí wọ́n kó wọn lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́. Ọjọ́ Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ni, ọjọ́ ọdún àwọn darandaran. Wọ́n fi ewé tútù kọ́ ẹnu ọ̀nà. Màmá gbé àkàrà banitsa jáde nínú ààrò, wàràkàsì inú rẹ̀ ń yọ́.

Ọjọ́ yìí ni wọ́n máa ń so agogo mọ́ ẹran lọ́rùn lórí òkè náà. Bàbá Bàbá àgbà ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá tirẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá àgbà kó àwọn agogo jáde. Ó nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé wọn sétí lọ́kọ̀ọ̀kan. Agogo kékeré ń dún jìn-ìn. Agogo ńlá ń dún gbáun.

Àgùntàn gba agogo. Jìn-ìn, jìn-ìn, jìn-ìn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gba agogo. Ajá pàápàá gba agogo, ó sì ń yí ara rẹ̀ ká láti wò ó.

"Ẹran tí kò lágogo, ẹran ìkookò ni," ni Bàbá àgbà wí. Ọdọọdún ló máa ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló mú agogo ńlá kan tó lẹ́wà. "Ó kan Kapka wàyí."

Màmá dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Bàbá, ṣé kí a má béèrè lọ́wọ́ Snezha ná?"

"Kí la fẹ́ béèrè? Agogo ni mo fẹ́ so mọ́ ọn, mi ò ní kó yé ẹyin! Ẹran ilé wa ni. Ẹran ilé wa kì í wà láìlágogo."

Inú Bàbá àgbà dùn. Ó fẹ́ràn Kapka ló ṣe fẹ́ fún un ní èyí tó dára jù. Ẹ má bínú sí i.

"Rada, ọmọlójú mi, bá mi di okùn ọrùn Kapka mú."

Rada di okùn mú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dì í mú nìyẹn. Okùn náà gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá àgbà rọra so agogo náà mọ́ ọrùn Kapka. Ó di bẹ́líìtì awọ agogo náà pinpin. Ó yọwọ́.

Kapka mi orí.

Gbáun!

Kapka ta gìrì. Ojú rẹ̀ yọ síta.

Gbáun! Gbáun!

Kapka fò sókè. Okùn fa Rada síwájú. Jìnnìjìnnì bo Rada. Ọwọ́ rẹ̀ ṣí.

Rada jọ̀wọ́ okùn.

Kapka fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ń sáré, agogo ń dún. Agogo ń dún, ó tún ń sáré. Gbáun-gbáun-gbáun-gbáun! Ó fo ọgbà níbi tó rẹlẹ̀. Okùn ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Kùrukùru ti ń gun òkè bọ̀ láti òwúrọ̀. Ó nípọn, ó funfun. Kapka wọ inú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́.

Gbáun… gbáun… Ohùn agogo nìkan ló kù.

"Agogo ni!" ni Rada kígbe. "Bàbá àgbà, agogo ló ń lé e!"

"Agogo kì í lé ẹran, ọmọ mi. Agogo ló ń jẹ́ ká rí ẹran." Ojú Bàbá àgbà ti yí padà. "Bí ó bá ṣì ń dún, kò tíì sí ewu. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí ẹ̀rù bà wá. Ìkookò wà nínú igbó yẹn."

"Ṣùgbọ́n agogo ni…"

"Rada!" ni Màmá wí. "Jókòó sórí òkúta yìí. Má kúrò níbẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

Bàbá àgbà lọ. Màmá lọ. Bàbá Gocho fi ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, òun náà lọ. Wọ́n gba apá òsì.

"Kapka-a-a! Kapka-a-a!"

Ohùn wọn ń jìnnà lọ. Kùrukùru gbé e mì.

Rada nìkan ló jókòó sórí òkúta. Perla ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Ó ń kùn, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn.

"Èmi ni mo jọ̀wọ́ okùn," ni Rada wí fún Perla. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni. Ìkookò á pa á jẹ, èmi ni mo sì fà á."

Òtútù ń mú. Kùrukùru bo ilé àgùntàn. Ó bo igi ńlá. Rada ò rí nǹkan kan mọ́ ju ọgbà lọ.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ.

Gbáun.

Kì í ṣe apá òsì. Apá ọ̀tún ni! Òkè níbẹ̀ yẹn!

"Màmá! Bàbá àgbà! Apá ibí ni!"

Wọn ò gbọ́.

Gbáun. Gbáun. Lẹ́yìn náà, ohùn mìíràn. Họ́ọ̀. Họ́ọ̀. Bí ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun.

Rada dìde. Ó tún jókòó. Màmá ní kí ó má kúrò. Gbáun. Họ́ọ̀. Ó tún dìde.

Ọgbà náà gun òkè lọ láti ẹ̀bá òkúta. Rada fọwọ́ kàn án. "Bí mo bá di ọgbà mú, mi ò ní sọnù," ló wí. "Bí mo bá fẹ́ padà, ọgbà ni màá tọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Òpó kan. Òpó méjì. Òpó mẹ́ta.

Ó wẹ̀yìn. Òkúta ò sí mọ́. Kùrukùru ti bò ó.

Òpó mẹ́rin. Òpó márùn-ún.

Nǹkan dúdú kan lúgọ sílẹ̀ níwájú! Ó ní etí méjì!

Rada dúró. Kò lè mí. Nǹkan dúdú náà ò mira. Rada ń wò ó. Ó ń wò ó.

Kùkùté igi ni.

"Kùkùté lásán," ni Rada wí. Òpó mẹ́fà. Òpó méje. Òpó mẹ́jọ.

Kapka rèé!

Okùn rẹ̀ ti há sí ìdí òpó ọgbà. Ó ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta. Kapka ń fà á. Bí ó bá fà á, agogo á dún. Bí agogo bá dún, á tún fà á. Okùn náà túbọ̀ ń fún un lọ́rùn.

Gbáun! Họ́ọ̀. Gbáun! Họ́ọ̀.

Ahọ́n Kapka ti yọ síta. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ẹsẹ̀ Rada ní, "Jẹ́ ká sá lọ."

Rada ní, "Rárá."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tún ní, "Jọ̀ọ́, jẹ́ ká sá lọ."

"Mo ní rárá!"

Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó dúró jẹ́ẹ́.

Kapka fẹ́ fà sẹ́yìn. Okùn ò jẹ́ kó lè ṣe é. Gbáun! Rada ò sá. Ó dúró títí agogo fi dákẹ́.

Rada lọ síwájú ní ìṣísẹ̀ kan. Ó dúró.

Gbáun! Ó dúró síbẹ̀. Agogo dákẹ́.

Rada tún lọ síwájú ní ìṣísẹ̀ kan. Èémí Kapka gbóná lójú rẹ̀.

"Kapka," ló rọra wí, "agogo náà ń bà mí lẹ́rù bó ṣe ń bà ẹ́. Jẹ́ kí n pa á lẹ́nu mọ́."

Rada bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ náà. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni, ó nípọn. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi yìnyín.

Ó na ọwọ́ sábẹ́ ọrùn Kapka. Díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀. Ó kan irun. Ó kan awọ. Ó kan irin.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọwọ́ Bàbá àgbà ò lè wọ agogo yẹn láé. Ọwọ́ Rada kéré. Ó wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó wá ahọ́n agogo kàn. Ó ki ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ ọ́ títí ó fi há pinpin.

Kapka mi orí.

Agogo ò dún.

Kapka tún mi orí. Kò dún.

Etí Kapka dìde. Ó gbọ́ atẹ́gùn. Ó gbọ́ èémí Rada. Kò gbọ́ agogo.

Ó sún síwájú ní ìṣísẹ̀ kan. Okùn dẹ̀. "Húù," ni Kapka mí. "Húù."

Rada fẹ́ tú okùn náà. Ó fi èékánná tú u. Ó fi eyín tú u. Okùn ò tú.

"Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀," ló wí. Ó fara ti òpó. "M̀m̀-m̀m̀," ni Rada kùn.

Kapka wò ó. "M̀m̀-m̀m̀," ni Kapka náà kùn.

Ṣùgbọ́n ní apá òsì, nínú kùrukùru, Bàbá àgbà dúró gbagidi.

"Ẹ dákẹ́," ló wí. Gbogbo wọn dákẹ́. Wọ́n tẹ́tí.

Kò sí gbáun. Kò sí nǹkan kan.

"Agogo ti dákẹ́," ni Bàbá àgbà wí.

Bàbá Gocho ò fi ràkúnmí ṣeré mọ́. Ó ṣí fìlà lórí.

Wọ́n sáré padà. Wọ́n dé ibi òkúta. Òkúta nìkan ló wà níbẹ̀.

"Rada?" ni Màmá wí. "Rada! RADA-A-A!"

Rada gbọ́ ọ. Ó la ẹnu láti kígbe. Ó wo Kapka. Etí Kapka ti ń gbọ̀n.

Bí Rada bá kígbe, Kapka á fò, okùn á sì tún fún un lọ́rùn. Bí Rada ò bá kígbe, Màmá ò ní rí òun. Kí ni kó ṣe?

Rada mú òkúta kékeré kan nílẹ̀. Ó rọra fi kan igi ọgbà.

Kọ́. Kọ́. Kọ́.

Kapka ò fò.

Kọ́. Kọ́. Kọ́.

Nísàlẹ̀, Bàbá àgbà ń wo inú kùrukùru. Ó fọwọ́ ti ọgbà. Ọgbà náà ń mì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kọ́. Kọ́. Kọ́.

Bàbá àgbà gbé orí sókè.

Òpó kan. Òpó méjì. Òpó mẹ́ta. Arúgbó ń sáré! Òpó mẹ́rin. Òpó márùn-ún. Fìlà rẹ̀ já bọ́, kò mú un. Òpó mẹ́fà. Òpó méje. Òpó mẹ́jọ.

"Ra…!"

Rada gbé ìka sẹ́nu. "Ṣẹ́ẹ̀ẹ̀. Ẹ kó ọwọ́ yín sẹ́yìn."

Bàbá àgbà pa ẹnu dé. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. Ó wo Rada. Ó wo Kapka. Ó rí ẹsẹ̀ Rada tí kò ní bàtà. Ó rí ìbọ̀sẹ̀ nínú agogo.

Ó kúnlẹ̀ sínú koríko tútù. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ lọ sínú irùngbọ̀n.

"Nígbà tí agogo dákẹ́," ló wí, "mo rò pé…" Ó fọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀rù bà mí, Rada. Ẹ̀rù bà mí gan-an."

Rada yanu. "Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà."

Bàbá àgbà yọ ọ̀bẹ. Ó rọra gé okùn. Ó rọra tú awọ agogo. Ó gbé agogo náà dání pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ inú rẹ̀.

"O sọ fún mi pé agogo ni," ló wí. "Etí mi ò gbà á. Agogo ti pọ̀ jù nínú etí mi. Má bínú, ọmọ mi." Ó yíjú sí Kapka. "Ìwọ náà, má bínú."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Màmá gbá Rada mọ́ra. Ó bá a wí. Ó tún gbá a mọ́ra. "Mo ní kí o má kúrò! Ẹsẹ̀ rẹ ti di yìnyín! Mo ní kí o má kúrò!"

Perla sáré wá pàdé Kapka. Wọ́n fi ọrùn gígùn kan ọrùn gígùn. M̀m̀-m̀m̀. M̀m̀-m̀m̀.

Ó yẹ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀, àbí? Rárá o. Ẹ ti gbàgbé pé ọjọ́ Ẹtì ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, Snezha dé. Ọkọ̀ rẹ̀ fa àpótí onírin sẹ́yìn.

Rada rọ̀ mọ́ aṣọ Màmá.

Bàbá àgbà lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò fi nǹkan kan pamọ́. "Èmi ni mo so agogo mọ́ ọn lọ́rùn. Èmi ni mo dẹ́rù bà á. Ó sá lọ. Díẹ̀ ló kù kí okùn pa á."

Snezha wo Kapka.

"Bí agogo bá ti dún ní sákọ́ọ̀sì, pàṣán ló kàn," ló wí. "Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, Bàbá Manol. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo sọ lọ́jọ́ Ajé."

Ó mú okùn tuntun nínú ọkọ̀. Ó rìn lọ sọ́dọ̀ Kapka.

Kapka rí okùn. Etí rẹ̀ gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n.

Snezha mí kanlẹ̀. "Ẹ wò ó. Ẹ̀rù ṣì ń bà á."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ!" ni Rada wí.

Snezha bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé. "Rada, sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé ẹ̀rù Kapka kì í bà ọ́?"

Gbogbo ènìyàn ń wo Rada. Ì bá sọ pé rárá. Ó wù ú kó sọ pé rárá.

"Ó ń bà mí díẹ̀," ni Rada wí. "Ẹ̀rù mi náà ń ba Kapka díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rù ń bà wá lókè yẹn, a jọ dúró ni. Kò tutọ́ sí mi lára. Èmi náà ò sá."

Snezha dìde. Okùn ọwọ́ rẹ̀ mì.

Kapka ta gìrì. Ó sáré!

Kò sáré lọ sínú igbó. Kò sáré lọ sọ́dọ̀ Perla. Ó sáré wá sẹ́yìn Rada, ó sì sá pamọ́ síbẹ̀.

Bí Kapka ṣe kéré tó, ó ga ju Rada lọ, ó sì fẹ̀ jù ú lọ. Orí rẹ̀ yọ lókè orí Rada. Ìdí rẹ̀ yọ lápá ọ̀tún. Ikùn rẹ̀ yọ lápá òsì. Ṣùgbọ́n ó rò pé ẹnikẹ́ni ò rí òun. Ó dúró jẹ́ẹ́, èémí rẹ̀ ń fẹ́ irun Rada. Fúù. Fúù.

Rada náà dúró jẹ́ẹ́. Kò fà sẹ́yìn rárá, torí Kapka ló wà lẹ́yìn.

Bàbá Gocho ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

Snezha wò wọ́n pẹ́. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi.

"Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ Ajé," ló wí. "Kò síbi tí ẹ̀rù kì í ti í bani. Ẹran tó bá ti mọ ẹni tó máa sá bá, ó ti délé."

Ó ká okùn náà, ó kì í bọ àpò. Ó ti ilẹ̀kùn àpótí onírin tó ṣófo. Ó bọ Màmá lọ́wọ́, ó kí Bàbá àgbà, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì dá sọ̀kalẹ̀ lọ.